Ẹ Wo Àwòrán Kẹ́ Ẹ Tó Ka Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Rẹ̀: Ẹ̀fẹ̀ Inú Ilé ní Paris Ayé Daumier

Ọkùnrin kan dúró nínú yàrá, ẹ̀wù nìkan ló wà lọ́rùn rẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ wà lọ́wọ́, ó ń bínú sí ìyàwó rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà ni pé kí ló kan òun pẹ̀lú Màdáàmù Sand yín yẹn, ẹni tí kì í jẹ́ káwọn obìnrin tún ṣòkòtò rán, tó sì ń mú kí okùn abẹ́ ẹsẹ̀ máa tú. Àfi kí wọ́n dá ìkọ̀sílẹ̀ padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n fòfin de òǹkọ̀wé yẹn. George Sand, obìnrin òǹkọ̀wé ará Faransé, ló ń bá wí. Honoré Daumier, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ní Paris, ló ya àwòrán náà. Ó jáde nínú ìwé ìròyìn Le Charivari ní oṣù kẹfà ọdún 1839, òun sì ni nọ́ńbà 6 nínú ọ̀wọ́ àwòrán 60 tí wọ́n pè ní Mœurs conjugales, èyí tó dá lórí ìwà tọkọtaya, tó sì ń jáde títí di 1842.

Ẹni tó bá rí i lónìí lè rẹ́rìn-ín díẹ̀ kó sì ṣí i kọjá. Okùn abẹ́ ẹsẹ̀ yẹn ni kó dúró wò. Ṣòkòtò ọkùnrin tó gbáfẹ́ nígbà náà máa ń fún mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n á wá rán pẹlẹbẹ aṣọ tàbí awọ kan mọ́ etí rẹ̀ nísàlẹ̀, èyí tó ń gba abẹ́ bàtà kọjá kí ṣòkòtò má bàa ká sókè. Gbogbo ìgbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá jókòó tàbí tó bá gun àtẹ̀gùn, ojú rírán ibẹ̀ ló ń fà, ibẹ̀ náà ló sì kọ́kọ́ ń tú. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí kì í tán nínú ilé nìyẹn, ọrùn ìyàwó ni wọ́n sì ń gbé e kọ́. Ìkọ̀sílẹ̀ tí ọkọ náà ń pariwo rẹ̀ ńkọ́? Òfin Faransé fàyè gbà á ní 1792, wọ́n fagi lé e ní 1816, kò sì padà dé títí di 1884. Ohun tó wà ní 1839 kò ju pé kí ilé ẹjọ́ yọ̀ǹda kí tọkọtaya máa gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìsí ẹni tó lè fẹ́ ẹlòmíì nínú wọn. Irú rẹ̀ ni George Sand fúnra rẹ̀ gbà ní 1836. Ọkùnrin yìí ń fi ohun tí kò sí nínú òfin halẹ̀ mọ́ ìyàwó rẹ̀, ìhòòhò ẹsẹ̀ ló sì fi ń halẹ̀.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ń bú Sand. Àwòrán ń bú ọkọ. Ọwọ́ méjì ló ṣe é, wọn kì í sì í fìgbà gbogbo fohùn ṣọ̀kan. Bí mo ṣe ń ka gbogbo àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ilé tó ti Paris jáde láàárín 1835 sí 1870 nìyẹn: mo máa ń ya ohun tí òkúta tí wọ́n ya àwòrán sí sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ọ́fíìsì ìwé ìròyìn kọ sábẹ́ rẹ̀.

Ta ló lé wọn wọnú ilé?

Ìṣèlú ni iṣẹ́ àwọn ayàwòrán yìí tẹ́lẹ̀. Charles Philipon, ọmọ Lyon, ló dá La Caricature sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1830, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń jáde. Ní oṣù kejìlá 1832 ó dá Le Charivari sílẹ̀, ojoojúmọ́ ni ìyẹn. Ọba Louis-Philippe ni wọ́n dájú sọ. Nígbà tí wọ́n gbé Philipon lọ sílé ẹjọ́ ní oṣù kọkànlá 1831, ó ya àwòrán mẹ́rin tí orí ọba fi ń di èso píà díẹ̀díẹ̀, ó wá bi wọ́n bóyá gbogbo píà ni wọ́n fẹ́ mú. Daumier gbé Gargantua tirẹ̀ jáde ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, ọba tó la ẹnu sílẹ̀ tí wọ́n ń gun pákó kó owó aráàlú dà sí i. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà àti ìtanràn 500 franc ni wọ́n dá fún un, ó sì wọ ẹ̀wọ̀n Sainte-Pélagie ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1832.

Ní ọjọ́ 28 oṣù keje 1835, Fieschi fẹ́ pa ọba ní Boulevard du Temple. Ọba yè é, àwọn ẹlòmíì ló kú. Ìjọba wá rí ohun tí wọ́n ń wá. Òfin oṣù kẹsàn-án ọdún náà sọ pé àwòrán kankan ò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ti wò ó kó sì fọwọ́ sí i. Àlàyé wọn ni pé Charte, ìyẹn òfin àgbà ilẹ̀ wọn, dáàbò bo èrò tí èèyàn bá kọ sílẹ̀, àmọ́ pé ìṣe ni àwòrán, kì í ṣe èrò. La Caricature ti kógbá wọlé lóṣù tó ṣáájú. Le Charivari ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ ya ọba mọ́.

Afárá tí wọ́n gbà kọjá ni Robert Macaire, oníjìbìtì tó ń pààrọ̀ iṣẹ́ bí ẹni ń pààrọ̀ ẹ̀wù: lónìí ó jẹ́ lọ́yà, lọ́la ó jẹ́ dókítà, lọ́túnla ó ń ta ìpín ilé-iṣẹ́ tí kò sí. Àwòrán 100 ni Daumier yà nípa rẹ̀ láti 1836 sí 1838. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣílẹ̀kùn yàrá: ọkọ, ìyàwó, ọmọ, ayálégbé, onílé.

Àwọn kan máa ń kọ̀wé bíi pé ìbẹ̀rù ló lé wọn débẹ̀, pé ẹ̀fẹ̀ inú ilé kò léyín. Mi ò gbà. Louis-Philippe fúnra rẹ̀ fẹ́ràn kí wọ́n máa rí òun bíi bàbá ọlọ́mọ tó ń fi agbòòrùn rìn ní Paris. Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù oníkùn ńlá tó ń sùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú fìlà òwú lórí, irú èèyàn tí ìjọba náà jókòó lé lórí ni. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ àwòrán wò lè fagi lé adé ọba, kò lè fagi lé agbòòrùn.

Òkúta

Kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ mọ àwòrán wọ̀nyí dáadáa láì mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ wọ́n. Lítógíráfù ni wọ́n ń pè é, ìyẹn títẹ àwòrán láti ojú òkúta. Alois Senefelder ló ṣàwárí ọ̀nà náà ní Munich ní ìparí àwọn ọdún 1790, òkúta tó sì dára jù fún un ni òkúta ẹfun ti Solnhofen ní Bavaria, tó ki, tó sì kúnná. Òkúta náà gbọ́dọ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mélòó kan, bó bá sì ṣe fẹ̀ tó ló ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Èyí tó bá tín-ínrín ju bó ṣe yẹ lọ á sán sí méjì lábẹ́ ẹ̀rọ, iṣẹ́ gbogbo á sì ṣòfò.

Wọ́n á kọ́kọ́ da iyanrìn àti omi sójú òkúta kan, wọ́n á dojú èkejì dé e, wọ́n á máa fi ọ̀kan lọ èkejì roboto-roboto. Èyí ló ń pa àwòrán àtijọ́ rẹ́, tó sì ń jẹ́ kí ojú òkúta tẹ́jú. Wọ́n á wá máa dín iyanrìn kù sí èyí tó kúnná sí i, títí ojú òkúta á fi rí ṣákaṣàka níwọ̀nba. Ibi tí àwọ̀ eérú ti ń wá nìyẹn: orí àwọn góńgó kéékèèké yẹn nìkan ni kíréyọ̀n ń bà, àárín wọn á sì ṣófo. Bí ojú òkúta bá dán jù, kíréyọ̀n á máa yọ̀, dúdú àti funfun nìkan ni yóò wà. Bó bá ṣákaṣàka jù, ìlà imú á gé sí wẹ́wẹ́.

Kíréyọ̀n náà jẹ́ àdàpọ̀ ìda, ọṣẹ, ọ̀rá màlúù, ṣẹ́láàkì àti dúdú èéfín fìtílà. Dúdú yẹn wà kí ayàwòrán lè rí ohun tó ń ṣe ni, ọ̀rá ló ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ní ọ̀rá tó bá kan òkúta á tẹ̀ jáde lórí ìwé. Àmì ìka máa ń jáde, ojú ìlà ìka á sì hàn kedere. Èérí orí tó bá já bọ́ á di àmì dúdú. Itọ́ tó bá ta sí i nígbà tí ayàwòrán ń sọ̀rọ̀ á ṣe òdì kejì, á dínà mọ́ ọ̀rá, ojú ibẹ̀ á sì funfun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé pákó lé orí òkúta tí wọ́n á fi ọwọ́ tì. Nígbà òtútù, wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí òkúta lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí èémí ẹnu lè di ìrì sórí òkúta tútù, kíréyọ̀n ò sì ní mú.

Òdì ni wọ́n ń yà á. Ohun tó wà lápá ọ̀tún òkúta á bọ́ sápá òsì ìwé. Daumier ń ya tirẹ̀ tààrà sórí òkúta, nígbà míì kò sì bìkítà: ẹ óò rí ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, tàbí ẹ̀wù tí bọ́tìnnì rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kì í ṣe àmì kan tó ní ìtumọ̀ jíjìn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Funfun tó ń tàn lórí fìlà òwú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là, ọ̀bẹ ni wọ́n sábà máa ń fi họ ọ́ jáde lára dúdú. Wọn kì í lè padà ya nǹkan síbi tí ọ̀bẹ ti họ, torí ọ̀bẹ ti gbá àwọn góńgó ibẹ̀ lọ.

Bí ayàwòrán bá ti parí, òkúta di ti atẹ̀wé. Atẹ̀wé á po gọ́ọ̀mù àrábíkì mọ́ ásíìdì náítíríìkì ìwọ̀nba díẹ̀, á sì fi pa gbogbo ojú rẹ̀. Ásíìdì á jẹ́ kí ọ̀rá dì mọ́ òkúta gírígírí, gọ́ọ̀mù á sì mú kí ibi tí kò sí ọ̀rá fẹ́ràn omi, kó sì kọ tàdáwà. Ibí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Bí ásíìdì bá le, á jẹ àwọ̀ eérú tó fẹ́lẹ́ jù lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin á sì funfun bí ìwé tí wọn ò kọ nǹkan sí. Bí kò bá le tó, ọ̀rá á máa tàn kálẹ̀ bí títẹ̀ ṣe ń lọ, àárín àwọn góńgó á dí, òjìji abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó yẹ kó ní ìpele mẹ́ta á wá di àbàwọ́n dúdú kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìyẹn ni atẹ̀wé á fi tapẹ́ńtáìnì nu kíréyọ̀n kúrò pátápátá. Ẹni tí kò mọṣẹ́ á pariwo, torí àwòrán á fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́. Kò lọ síbì kan: ọ̀rá ti wà nínú òkúta. Wọ́n á fomi rin ín, wọ́n á yí rólà aláwọ tó ní tàdáwà kọjá, àwòrán á sì jí padà.

Ìwé tó tutù díẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ lé e. Wọ́n á wá fi òkúta gba abẹ́ pákó kan tí wọ́n fi awọ bò, tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an. Bí etí pákó náà bá ní àléébù bín-íntín, ìlà funfun tó gùn gbọọrọ á là gbogbo àwòrán já láti òkè délẹ̀. Gbogbo ìwé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fomi rin òkúta fún, tí wọ́n sì ń yí tàdáwà sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí omi bá gbẹ kí rólà tó dé, gbogbo etí ìwé á dọ̀tí.

Ìṣòro mìíràn wà tó jẹ́ ti ìwé ìròyìn nìkan. Lẹ́tà òjé máa ń yọrí sókè, àwòrán orí òkúta tẹ́jú pẹrẹsẹ; ẹ̀rọ kan ò lè tẹ méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìwé Le Charivari ń gba ẹ̀rọ kọjá, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀, ọ̀kan fún àwòrán. Ojú ewé 3 ni àwòrán máa ń wà, ọ̀rọ̀ ojú ewé 4 ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ rántí èyí, ó máa wúlò nísàlẹ̀.

Ta ló kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀?

Daumier kì í sábà kọ ọ́. Ní ti Robert Macaire, Philipon ló ń mú èrò wá tó sì ń kọ ọ̀rọ̀. Nínú àwọn ọ̀wọ́ tó tẹ̀lé e, àwọn akọ̀ròyìn Le Charivari ni, lẹ́yìn tí àwòrán bá ti dé ọ́fíìsì. Akọ̀wé orí òkúta tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sódì á wá kọ ọ́ sábẹ́. Ẹ̀dà tí wọ́n fà kí wọ́n tó kọ lẹ́tà kankan sí i ṣì wà fún àwọn àwòrán kan, wọ́n ṣọ̀wọ́n, wọ́n sì wọ́n owó.

Gavarni yàtọ̀. Sulpice Guillaume Chevalier lorúkọ rẹ̀ gan-an, wọ́n bí i ní Paris ní 1804, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nínú Les Enfants terribles, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1838, ọmọdé ló ń tú àṣírí ilé: àlejò jókòó, ìyá ń rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn, ọmọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ìyá sọ nípa àlejò náà lánàá. Ẹ fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán Gavarni, ohun tó máa ṣẹ́ kù ni àwọn èèyàn tó múra dáadáa tí wọ́n dúró sínú pálọ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti Daumier, ẹ óò ṣì mọ ẹni tí inú ń bí, ẹni tó ń purọ́, àti ẹni tó ti sú. Ọ̀nà tí mo fi ń dán àwòrán wò nìyẹn, mi ò sì tíì rí èyí tó dára jù ú lọ. Bí ojú bá farabalẹ̀, á rí imú.

Kì í ṣe pé Daumier máa ń ṣàánú ju ọ́fíìsì lọ ní gbogbo ìgbà o. Les Bas-bleus, àwòrán 40 tó jáde ní 1844, orúkọ ẹ̀gàn tí wọ́n ń pe obìnrin tó ń kọ̀wé ló sọ ọ́. Nọ́ńbà 7 ló lókìkí jù. Obìnrin tẹ̀ mọ́ tábìlì, ó ń kọ̀wé lọ ràì, kò tilẹ̀ wojú wo ibòmíì. Ọpọ́n ìwẹ̀ kan wà nílẹ̀, ọmọ ti fi orí sọ sínú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan là ń rí. Ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ní ìyá wà nínú iná ìkọ̀wé, ọmọ wà nínú omi ìwẹ̀. Àwòrán náà dára bí àwòrán, ìkà ló sì jẹ́. Òkúta àti ọ́fíìsì fohùn ṣọ̀kan níbẹ̀. Àmọ́ ẹ bi í léèrè: bàbá dà? Kò sí nínú yàrá, kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lábẹ́ Code civil, ìwé òfin Faransé ti 1804, abala 213 sọ pé ọkọ ló ń dáàbò bo ìyàwó, ìyàwó sì gbọ́dọ̀ gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu, obìnrin abílékọ ò sì lè tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn láìsí àṣẹ ọkọ. Ìwé tí obìnrin yẹn ń kọ, bàbá tí kò sí níbẹ̀ yẹn ló máa fọwọ́ sí i kó tó ṣeé tà.

Nígbà tí ìjọba olómìnira dé ní 1848, tí wọ́n sì gbé àbá ìkọ̀sílẹ̀ padà wá, Daumier tún ya Les Divorceuses, mẹ́fà péré, ó fi àwọn obìnrin tó ń béèrè ìkọ̀sílẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àbá náà kò kọjá. Ọkùnrin tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní 1839 nítorí pé ó ń pariwo ìkọ̀sílẹ̀, àti obìnrin tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní 1848 nítorí ohun kan náà: ẹni tó bá to méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á rí ibi tí ìwé ìròyìn náà dúró sí.

Àwọn ọ̀wọ́ yòókù, mo lè sáré kọjá lórí wọn. La Journée du célibataire, 12, ti 1839, tẹ̀ lé àpọ́n àgbà kan, Ọ̀gbẹ́ni Coquelet, láti òwúrọ̀ títí dalẹ́ pẹ̀lú ajá àti ológbò rẹ̀. Ó jẹ́ jẹ́jẹ́, ó sì ń bani nínú jẹ́ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Les Bons Bourgeois, 82, láti 1846 sí 1849, ni mo máa fi lé ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́: tọkọtaya tó ń yán lálẹ́, ọkùnrin tó ń bomi rin òdòdó mẹ́ta bí ẹni tó ní oko. Ẹ máa wo ohun inú yàrá níbẹ̀, aago orí ibi ìdáná, kọ́tìnnì bẹ́ẹ̀dì, àbẹ́là tó ti jó dé ìdí, torí àwọn ni wọ́n ń sọ iye tó ń wọlé fún onílé náà.

Locataires et propriétaires, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1847, gba àlàyé kan. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń san owó ilé ní Paris, ní oṣù kìíní, ìkẹrin, ìkeje àti ìkẹwàá. Ọjọ́ 8 ni ti ilé tí owó rẹ̀ kéré, ọjọ́ 15 ni ti èyí tó pọ̀. Àwọn ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń kó ẹrù jáde. Igún ni àwọn ará ìlú ń pe onílé, Ọ̀gbẹ́ni Vautour. Bí ẹ bá rí ẹni tó ru mátírẹ́ẹ̀sì lójú pópó, ẹ wo ọjọ́ tí ìwé ìròyìn jáde. Ó sábà máa ń sún mọ́ ọ̀kan nínú ọjọ́ wọ̀nyí. Ní 1853, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó Paris láti la ojú pópó ńlá, Daumier ya tọkọtaya arúgbó kan tí wọ́n ń wo ògiri ilé tí wọ́n ti wó dé ìdajì. Ọkọ ń tọ́ka sí yàrá tí wọ́n sùn sí lálẹ́ ìgbéyàwó wọn. Kò sí ẹni tó lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín tọkàntọkàn.

Bí ìwé kan bá bọ́ sí yín lọ́wọ́

Ẹ yí i padà kọ́kọ́. Bí ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn bá wà lẹ́yìn rẹ̀, inú Le Charivari ló ti wá. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá funfun, tí ìwé rẹ̀ sì nípọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ lọ́tọ̀ fún títà ní ẹyọ tàbí nínú álúbọ́ọ̀mù, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní "sur blanc". Ìyẹn ló sábà máa ń mọ́lẹ̀ jù, òun náà ló sì wọ́n jù. Ti inú ìwé ìròyìn máa ń ní ojú kíká láàárín, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì lè hàn gba iwájú, pàápàá níbi ojú ọ̀run tó funfun. Síbẹ̀ mi ò ní fojú di í. Ọjọ́ tó jáde wà lórí odidi ojú ewé, ìròyìn ọjọ́ yẹn sì wà lẹ́yìn. Ẹni tó gé etí rẹ̀ kúrò kó lè wọ férémù ti gé ẹ̀rí dànù.

Ẹ wá ka etí rẹ̀. h.D. ni Daumier sábà máa ń fi ṣe àmì, òmíràn kò ní àmì rárá. Orúkọ ọ̀wọ́ àti nọ́ńbà wà lókè. Àdírẹ́sì olùtẹ̀jáde wà nísàlẹ̀, ó sì ń sọ ìgbà: Aubert, tó jẹ́ ti ìdílé Philipon, wà ní Galerie Véro-Dodat ní àwọn ọdún 1830, ó sì kó lọ sí Place de la Bourse lẹ́yìn náà; Bauger àti Pannier wà ní Rue du Croissant; Martinet jẹ́ ti àwọn ọdún tó tẹ̀lé e. Ìwé àkójọ tí Loys Delteil ṣe ni gbogbo ayé ń lò fún nọ́ńbà: Mœurs conjugales jẹ́ 624 sí 683, Les Bas-bleus 1221 sí 1260. Bí ẹni tó ń tà bá kọ LD síwájú nọ́ńbà, Delteil ló ń sọ.

Ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 wo dúdú rẹ̀. Ti òkúta tòótọ́ máa ń jẹ́ hóró tí kò dọ́gba, tí kò tò lésẹẹsẹ. Bí ẹ bá rí àmì tóótòòtó tó tò bí ojú àwọ̀n, ẹ̀dà ìwé òde òní ni, ẹ dá owó yín dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá rí ojú bàbà tó tẹ̀ wọnú ìwé yí àwòrán ká, torí òkúta kì í fi irú àmì yẹn sílẹ̀.

Àwọ̀ jẹ́ ẹjọ́ tirẹ̀. Aubert ń ta èyí tí wọ́n fọwọ́ kùn, wọ́n sì máa ń fi gọ́ọ̀mù ra ibi òjìji kó lè dán. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni wọ́n kùn lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún kí owó rẹ̀ lè lọ sókè. Bí àwọ̀ bá gun orí àbàwọ́n ìpẹtà kọjá, àbàwọ́n ti wà níbẹ̀ kí àwọ̀ tó dé. Ìwé tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́yìn tó tún ní àwọ̀ níwájú, mo máa ń fura sí i, torí àwọn oníbàárà ìwé ìròyìn ń gba tiwọn ní dúdú àti funfun.

Láti 1870, Le Charivari bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀nà Gillot: wọ́n ń gbé àwòrán kúrò lórí òkúta sórí zinc, wọ́n á fi ásíìdì jẹ àyíká rẹ̀ kó lè yọrí bíi lẹ́tà òjé, kí ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè tẹ àwòrán àti ọ̀rọ̀ pọ̀. Owó àti àsìkò dínkù, àwọ̀ eérú náà sì kú. Dúdú rẹ̀ máa ń rí wúruwùru, ojú èèyàn á sì le bí igi. Daumier ò ya òkúta kankan mọ́ fún wọn lẹ́yìn 1872, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ìwé tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá 1870, ẹ béèrè bóyá òkúta ni tàbí Gillot kẹ́ ẹ tó dá owó lé e, kẹ́ ẹ sì máa lo awò yẹn fúnra yín, torí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń kọ lítógíráfù sára méjèèjì.